Wíwọ àwọ̀ tó wù yín ní Ìlọrin àti Gúúsù Kwara: láti orí yíyan aṣọ títí dé ìta gbangba

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Ìlọrin, tọkùnrin tobìnrin ni mo sì ń rán fún. Àwọn tí mo ń kọ èyí fún ni ọkùnrin tó rí léèsì píǹkì lọ́jà, tó fọwọ́ kàn án, tó tún gbé e sílẹ̀ kí wọ́n má baà pè é ní obìnrin. Àti obìnrin tí agbádá wù, tí gbogbo ilé ń sọ fún pé ọkùnrin ló ni ín. Mo gbà pé àwọ̀ kò ní akọ, kò sì ní abo. Mo tún gbà pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní àṣà lórí ọ̀rọ̀ yìí, àná òde yìí ló dé. Ṣùgbọ́n ìlú tí à ń gbé ní ojú, ó lẹ́nu, ó sì ní òfin. Ọ̀nà tí màá là sílẹ̀ wà fún ẹni tó fẹ́ máa wọ aṣọ rẹ̀ títí ọdún, tí kò fẹ́ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó wá kó o sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tó ti wà nílé

Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó ra ohunkóhun, torí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ máa gbọ́ ni pé "èyí kì í ṣe àṣà wa." Ẹni tí kò mọ àṣà ilé rẹ̀ kò ní rí èsì fọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ òkè. Mẹ́ta ni àwọn àgbà fi ń yangàn: ẹtù, sányán, àlàárì. Àlàárì ni pupa. Òwú síliki rẹ̀ làwọn oníṣòwò ń gbé la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láyé àtijọ́, pupa rẹ̀ kan sì wà tó jẹ́ pé, bí ẹ bá tẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní píǹkì líle, ẹ ó wá ìyàtọ̀ tì. Ọkùnrin ọlọ́lá ń fi í dá agbádá, obìnrin ọlọ́lá ń ró o ní ìró. Aṣọ kan náà ni.

Ẹ wá wo Ìlọrin fúnra rẹ̀. Oríkì ìlú sọ pé wọn ò léegún, ẹṣin leégún ilé bàbá wọn. Lásìkò Iléyá, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin bá jáde níwájú Ẹ́míà, ẹ wo láwàní tí ọkùnrin wé sórí: yẹ́lò, àwọ̀ ewé, píǹkì, olómi ọsàn. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi bo ẹṣin. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn tí ẹnikẹ́ni ń pè ní obìnrin. Ní apá Ìgbómìnà ńkọ́, níbi tí eégún wà, ọkùnrin ló ń gbé Ẹlẹ́wẹ̀ tó ń jó tàkìtì nínú aṣọ aláràbarà. Lágbo Ṣàngó, ẹlẹ́gùn ọkùnrin a máa dirun bí obìnrin, a sì máa ró yẹ̀rì. Ní Èsìẹ́, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní 1945, àwọn ère òkúta tó lé ní 1,000 wà níbẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin. Irun wọn gbé sókè, ìlẹ̀kẹ̀ sì wà lọ́rùn wọn. Ẹ lọ wò wọ́n, kò jìnnà sí Òmù-Àrán.

Ọ̀rọ̀ pé píǹkì jẹ́ ti obìnrin, òkèèrè ló ti wá, kò sì tíì pẹ́ tó fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ pàápàá. Ní Amẹ́ríkà ní 1918, àwọn tó ń ta aṣọ ọmọdé ṣì ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn òwò wọn pé píǹkì ló yẹ ọmọkùnrin, kí búlúù jẹ́ ti ọmọbìnrin.

Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ẹ ti ní àpẹẹrẹ mìíràn lọ́rùn yín: sùtánà tí bàbá ń wọ̀ náà ni ìyá ń wọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ààlà tí ẹ fẹ́ kọjá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń po nǹkan mẹ́ta pọ̀, bẹ́ẹ̀ ewu wọn ò dọ́gba. Ọ̀kan ni àwọ̀: ọkùnrin wọ bùbá àti ṣòkòtò ọkùnrin, àmọ́ ó jẹ́ píǹkì, tàbí òdòdó kún inú rẹ̀. Ìkejì ni gígé: obìnrin wọ agbádá, dàńṣíkí, ṣòkòtò, ó dé fìlà. Ìkẹta ni kí ọkùnrin wọ ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ sí ti obìnrin látòkè délẹ̀, ìró, bùbá obìnrin àti gèlè, kó sì jáde.

Lórí ti àkọ́kọ́, òfin kankan ò dè yín. Àríwísí nìkan ni ẹ máa bá pàdé. Ti kejì náà kò ní òfin tó dè é, ṣùgbọ́n ilé ìjọsìn lè ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, mo sì máa dé ibẹ̀. Ti ẹ̀kẹta ni kí ẹ fetí sí dáadáa. Ìwé òfin Penal Code tí wọ́n ṣe fún Àríwá, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, tí Kwara náà sì jogún, ní abala 405 tó ka ọkùnrin tó bá múra bí obìnrin ní gbangba mọ́ àwọn tó pè ní alárìnkiri. Wọ́n lè torí ẹ̀ mú ènìyàn, wọ́n sì lè torí ẹ̀ gbé e lọ sílé ẹjọ́. Mi ò fara mọ́ òfin yẹn rárá. Aṣọ kì í jalè, kì í sì í lu ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín jẹ kí ẹ lọ kó sí i láìmọ̀.

Bí ọkàn yín bá wà lórí ẹ̀kẹta yìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ nínú ilé, láàárín àwọn tí ẹ fọkàn tán, tàbí lórí ìtàgé níbi tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé eré ni. Ẹ má gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook tàbí WhatsApp tí ẹbí àti àjèjì jọ ń wò. Ẹ fi nọ́ńbà agbẹjọ́rò kan sórí fóònù; ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò lè tọ Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dá nìkan jáde.

Ní ti ẹ̀sìn, ẹ má lọ bá alfa jiyàn láìmọ ohun tí ẹ ń sọ. Ohun tó le fún ọkùnrin nínú ìmọ̀ràn Ànọ́bì ni síliki àti góòlù, àti kí ọkùnrin máa fi ara wé obìnrin tàbí kí obìnrin máa fi ara wé ọkùnrin. Lórí pupa kíkún àti aṣọ tí wọ́n fi ewéko pa láwọ̀ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ohùn àwọn onímọ̀ ò ṣọ̀kan. Lórí àwọ̀ ewé, búlúù, àwọ̀ àlùkò àti irú wọn, ẹnu kì í kùn. Tìróò pàápàá, ọkùnrin ń lé e, ó sì wà nínú hàdíìsì pé Ànọ́bì fúnra rẹ̀ ń lò ó. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì ní tiwọn máa ń ka Diutarónómì 22:5 fún obìnrin tó wọ ṣòkòtò. Ìdáhùn tí mo máa ń fún àwọn oníbàárà mi ni pé kí wọ́n jẹ́ kí télọ̀ gé aṣọ náà sí ìwọ̀n ara obìnrin. Aṣọ tí wọ́n gé fún obìnrin, obìnrin ló ni ín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: yíyan àwọ̀

Ẹ má ra aṣọ lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù. Iná funfun tí wọ́n tàn sínú ṣọ́ọ̀bù máa ń pa pupa, ó sì máa ń mú kí àwọ̀ àlùkò dà bíi búlúù. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ẹ gbé etí aṣọ náà dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ gbé e sí abẹ́ àgbọ̀n yín nínú oòrùn, kí ẹnìkejì yín ya fọ́tò rẹ̀. Bí ojú yín bá tàn, aṣọ yín nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ aṣọ nìkan ni ẹ ń rí nínú fọ́tò, tí ojú yín ṣú, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó dára tó lórí ẹlòmíràn.

Ara dúdú gba àwọ̀ tó ń ké. Yẹ́lò bí ìyeyè tó pọ́n, olómi ọsàn, píǹkì líle, àwọ̀ ewé tútù, gbogbo wọn ló ń yọ lára wa ju bí wọ́n ṣe ń yọ lára ẹni pupa lọ. Èyí tí mo máa ń kìlọ̀ fún ẹni dúdú nípa rẹ̀ ni àwọ̀ tó ti ṣá látilẹ̀, irú píǹkì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di eérú. Ó máa ń jẹ́ kó dà bíi pé ara ò yá.

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, àwọ̀ líle kan ṣoṣo ni kó mú, kó fi funfun tàbí aró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló lè máa da méjì líle pọ̀. Píǹkì àti olómi ọsàn máa ń bára wọn mu ju bí ènìyàn ṣe rò lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ibi tí aṣọ ti ń wá

Àǹkàrá àti kámpálà ló rọrùn jù, owó wọn ò sì wọ́n. Ẹ wọ Ọjà Ọba tàbí Ìpàtà ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú. Yáàdì 4 tó fún bùbá àti ṣòkòtò ọkùnrin tí ara rẹ̀ mọ níwọ̀n. Agbádá pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò rẹ̀ máa ń gba yáàdì 10. Ti obìnrin lè dín ní yáàdì kan tàbí méjì, torí a ò ní gé e fẹ̀ tó ti ọkùnrin.

Ṣùgbọ́n bí owó bá wà, aṣọ òkè ni kí ẹ lọ hun. Ìlọrin wà lára àwọn ìlú tí iṣẹ́ òfì ti gbilẹ̀ jù nílẹ̀ Yorùbá. Ọkùnrin ló sábà máa ń jókòó sórí òfì tóóró, ọ̀já aṣọ tó ń tibẹ̀ jáde fẹ̀ tó bí ìǹṣì 4, àwọn télọ̀ ló sì ń so ó pọ̀. Àwọn ìyá wa ní òfì tiwọn tó dúró ní òòró, aṣọ rẹ̀ fẹ̀, kíjìpá ló sì ń wá látibẹ̀. Mo fẹ́ràn kí àwọn oníbàárà mi lọ jókòó ti ahunṣọ fúnra wọn. Ọkùnrin tí ẹ rí níbẹ̀, láàárọ̀ ló ti ń fọwọ́ to píǹkì, fàdákà àti àwọ̀ ewé pọ̀, tó ń wò ó bóyá wọ́n bára mu. Kò sí àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní ti obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kàn.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ mú ègé aṣọ tàbí òwú tó ní àwọ̀ tí ẹ fẹ́ dání. Fọ́tò orí fóònù máa ń purọ́. Ẹ ní kó kọ́kọ́ hun ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan kí ẹ rí i. Ẹ bi í bóyá òwú dídán wà nínú rẹ̀, torí òwú dídán a máa họ ọrùn, ó sì ń mú ooru. Fún oṣù Ẹrẹ́nà ní Ìlọrin, òwú lásán ló dára jù. Ẹ má sì retí pé ọ̀sẹ̀ kan ló máa fi parí. Ẹ fún un ní àyè tó pọ̀ kí ọjọ́ ìnáwó tó dé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọ̀dọ̀ télọ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà. Aṣọ tí wọ́n bá rán dáadáa máa ń pa ẹnu mọ́, aṣọ tí kò jókòó lára ló ń fa yẹ̀yẹ́. Mo ti rí i ju bí mo ṣe lè kà lọ: ọkùnrin tó wọ léèsì olódòdó tí èjìká rẹ̀ rí pérépéré, àwọn ènìyàn á ní "aṣọ yìí mà dáa o." Aṣọ kan náà, bí èjìká bá ṣubú tí ọwọ́ sì gùn jù, wọ́n á ní ó yá aṣọ ìyàwó rẹ̀ wọ̀.

Fún ọkùnrin: bí aṣọ náà bá ní òdòdó ńlá, ẹ jẹ́ kí gígé rẹ̀ rọrùn. Ọrùn róbótó, ọwọ́ tó dé ọrùn ọwọ́, kí ó má fún. Ẹ má kó iṣẹ́ ọnà sí i lọ́rùn mọ́, òdòdó ti ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí aṣọ bá jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo, ìgbà yẹn ni kí iṣẹ́ ọnà ọrùn yọ, kí òwú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ mìíràn tó líle. Léèsì oníhò gbọ́dọ̀ ní aṣọ ìtẹ́nú, kó sì jẹ́ òwú lásán tó ní àwọ̀ kan náà. Bí ẹ bá fi funfun tẹ́nú píǹkì, ó máa ń rí bí aṣọ ọmọ tuntun.

Fún obìnrin tó fẹ́ agbádá: ẹ má jẹ́ kí télọ̀ gbé ìwọ̀n àbúrò yín ọkùnrin gé e. Agbádá ọkùnrin a máa fẹ̀ láti ìka ọwọ́ kan dé ìka ọwọ́ kejì bí ó bá na apá rẹ̀. Fún obìnrin tí kò ga púpọ̀, mo máa ń gé e kó dín ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó lè jẹ́ pé bó bá ká a sórí èjìká lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ á jáde. Ọrùn ni ohun tí ọ̀pọ̀ télọ̀ ń bàjẹ́. Ọrùn agbádá ọkùnrin jìn. Lórí èjìká obìnrin tó kéré, gbogbo aṣọ á máa fà sẹ́yìn, á sì máa fún un lọ́rùn níwájú. Mo máa ń gé e kéré ní nǹkan bí ìǹṣì kan, mo sì máa ń lẹ aṣọ ìtẹ́nú mọ́ ẹ̀yìn ọrùn kó lè wúwo tó láti dúró. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ àpò àyà òsì kúrò. Àpò yẹn wúlò, inú àwọn obìnrin tí mo rán an fún sì máa ń dùn sí i ju iṣẹ́ ọnà lọ. Ní ti ṣòkòtò, ìdí ni kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n, kí wọ́n tó wọ̀n ìbàdí, kí wọ́n sì ní kí ẹ jókòó nígbà tí wọ́n bá ń wọn ìjìnlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn láti ìbàdí dé orí àga. Rọ́bà àti okùn pọ̀ ló dára.

Fìlà: gọ̀bì ló rọrùn jù lórí irun dídì. Abetí ajá dára lórí irun tó kéré tàbí tí wọ́n gé. Ẹ wọn orí lẹ́yìn tí ẹ bá ti di irun náà.

Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fún télọ̀ láìfi pamọ́. Bó bá rẹ́rìn-ín yín, ẹ kó aṣọ yín, ẹ wá ibòmíràn lọ. Ẹni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ aṣọ kò ní rán an tọkàntọkàn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìjáde àkọ́kọ́

Ẹ mú ibi tí àwọ̀ ti pọ̀ tẹ́lẹ̀: ìyàwó, yìgì, ìkómọ, wálímọ̀. Ní agbo aṣọ ẹbí, àwọ̀ àlùkò àti píǹkì ti wà lọ́rùn gbogbo ènìyàn, ẹ ò ní dá yàtọ̀ jù. Ẹ fi ibi òkú, ọ́fíìsì àti iwájú àwọn tó ń wá iṣẹ́ fún yín sí ẹ̀yìn. Ẹ bá ọ̀rẹ́ kan rìn tí kò ní tijú yín.

Ìkíni ló ń ṣí ọ̀nà. Mo wà ní Òmù-Àrán níbi ìdána kan tí oníbàárà mi, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, wọ agbádá pupa tí mo rán fún un, ó sì fi gọ̀bì sí i. Bàbá àgbà kan pè é.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ ni ọkọ ìyàwó ni?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀ wọlẹ̀ pẹ̀lú agbádá rẹ̀. "Ẹ kú ìnáwó o, Bàbá. Ọkọ ìyàwó ni mo jẹ́ lóòótọ́, sà. Èmi ni àbúrò ọkọ."

Gbogbo àwọn tó jókòó bú sẹ́rìn-ín, torí kò parọ́: bí ìyàwó náà bá wọlé, ọkọ mi ni yóò máa pè é. Bàbá fọwọ́ pa etí aṣọ náà. "Ṣé àlàárì gidi ni?"

"Òwú ayé ìsinsìnyí ni wọ́n fi hun ún, sà, ṣùgbọ́n àlàárì ni wọ́n wò hun ún."

Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti agbádá bàbá tirẹ̀, ó sọ ọ́ títí ọbẹ̀ fi tutù. Bí ọmọ yẹn bá dúró gbọnrangandan pé kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí òun máa wọ̀ fún òun, òótọ́ ni yóò sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbá ti dópin síbẹ̀.

Fún àwọn ẹgbẹ́ yín tó ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀, gbólóhùn kan tó: "Àwọ̀ tí mo fẹ́ràn nìyí." Ẹ má ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ẹni tó ń pariwo lójú títì, ẹ má dáhùn rárá. Bí àwọn ọmọ ìta bá bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ, ẹ wọ ọkọ̀, ẹ lọ. Ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní ìgboyà tó lè mú ẹ̀jẹ̀ wá.

Ìgbésẹ̀ keje: bàbá àti ìyá

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ níta. Ẹ gbé aṣọ náà lọ han ìyá yín kí wọ́n tó rán an, kí ẹ sì bi í léèrè pé, "Mọ́mì, kí lẹ rò pé ó máa bá a lọ?" Ìyá tó bá ti bá ènìyàn yan fìlà, òun ni yóò gbèjà yín lọ́dọ̀ bàbá. Bí bàbá bá fàáké kọ́rí, ẹ má wọ̀ ọ́ nínú ilé rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ìjókòó títí ayé, ọjọ́ tiyín ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ilé yín jẹ́ ibi tí wọ́n ti lè lù yín nítorí aṣọ, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ni kí ẹ fi í pamọ́ sí.

Àwọn òbí tó ń kà á: ọmọkùnrin yín tó ní òun fẹ́ sálúbàtà píǹkì, ẹ rà á fún un. Kò sí ohun tó máa ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: títọ́jú àwọ̀

Kí ẹ tó fọ aṣọ aláwọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ rin etí rẹ̀, kí ẹ fi aṣọ funfun nù ún. Bí àwọ̀ bá jáde, òun nìkan ni kí ẹ máa fọ̀, nínú omi tútù. Àdìrẹ aró máa ń jáde nígbà mélòó kan kó tó dáwọ́ dúró. Ẹ yí gbogbo aṣọ aláwọ̀ síta-sínú kí ẹ tó sá a, kí ẹ sì sá a sábẹ́ òjìji. Oòrùn Ìlọrin lè pa píǹkì láàárín oṣù díẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ gbọn eruku kúrò kí ẹ tó fomi kàn án, torí eruku tó bá pàdé omi á di ẹrẹ̀ sínú léèsì.

Aṣọ òkè kì í wọ omi. Bí ẹ bá ti bọ́ ọ, ẹ sá a síbi tí atẹ́gùn wà di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó ká a. Ẹ má ká a síbi kan náà nígbà gbogbo, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ já. Ẹ gba gbogbo àjákù rẹ̀ lọ́wọ́ télọ̀ yín. Ọ̀já méjì tàbí mẹ́ta tó ṣẹ́kù tó láti fi rán fìlà kan, mo sì máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n fún ọ̀rẹ́ wọn tí àwọ̀ ń wù àmọ́ tí ẹ̀rù ṣì ń bà. Orí ló rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀.